Láti Ògbómọ̀ṣọ́ dé orí ọ̀sà Àgbádárìgì: bí ẹgbẹ́ ṣe lè ṣètò ìrìn ọkọ̀ ojú omi, tòun ti oúnjẹ ọ̀sán

Ẹgbẹ́ tó bá fẹ́ ti Ògbómọ̀ṣọ́ lọ wo Àgbádárìgì láti orí omi, kó má fi ọjọ́ kan ṣoṣo ṣe é. Ọ̀nà náà ń lọ sí kìlómítà 300: Ògbómọ̀ṣọ́ sí Ọ̀yọ́, Ọ̀yọ́ sí Ìbàdàn, Ìbàdàn sí Èkó, kí ẹ tó wá kọjú sí ọ̀nà Sẹ̀mẹ́. Bí ẹ bá gbéra ní kùtùkùtù, tí ojú ọ̀nà sì dára, ó di ọ̀sán gangan kí ẹ tó rí èbúté. Ìgbà yẹn ni atẹ́gùn òkun máa ń ru omi, tí iyanrìn á sì ti gbóná débi pé bàtà sílípáàsì kò ní gbà yín lọ́wọ́ rẹ̀. Ìgbà tó yẹ kí ọkọ̀ máa padà bọ̀ nìyẹn.

Aago mẹ́jọ àárọ̀ ọjọ́ kejì ni kí ẹ fi ṣe òpó ètò yín. Ilé tí ẹ máa sùn, ìgbà tí olóúnjẹ máa gbé ìkòkò kaná, ìgbà tí bọ́ọ̀sì máa kúrò nílé, ẹ máa ka gbogbo rẹ̀ sẹ́yìn láti orí aago mẹ́jọ yẹn. Ọjọ́ mẹ́ta ni gbogbo rẹ̀: ọjọ́ àkọ́kọ́ fún ọ̀nà, ọjọ́ kejì fún omi àti ìlú, ọjọ́ kẹta fún ilé. Ènìyàn 20 la fi ṣe ìṣirò tó wà nísàlẹ̀, nítorí bọ́ọ̀sì kósítà kan gbà wọ́n tòun ti ẹrù.

Ẹ kọ́kọ́ mú ọjọ́

Láti oṣù kọkànlá títí wọ oṣù kẹta ló dára jù. Òjò ti lọ, omi ti fà, ibi ìsọ̀kalẹ̀ ní Gberefu, erékùṣù tó wà láàárín ọ̀sà àti òkun, sì gbẹ. Oṣù kẹsàn-án àti oṣù kẹwàá ni ọ̀sà máa ń kún jù, ìgbà yẹn náà sì ni ewéko tó ń léfòó lójú omi máa ń pọ̀. Ewéko yìí, tó ní òdòdó aláwọ̀ àlùkò, kì í ṣe òṣíbàtà tí àwọn bàbá wa mọ̀. Àjèjì ni, ojú omi Àgbádárìgì yìí gan-an ni wọ́n ti kọ́kọ́ kéde rẹ̀ ní Nàìjíríà, ní 1984. Bó bá ti wé mọ́ pọ̀pẹ́là, ẹ́ńjìnnì á kú, awakọ̀ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ tú u, nígbà tí omi bá ń gbé gbogbo yín lọ.

Ìgbà ọyẹ́ náà ní tirẹ̀: kùrukùru òwúrọ̀. Bí ẹ bá dúró ní jẹ́tì tí ẹ kò rí igi àgbọn òdìkejì dáadáa, ẹ jókòó dè é. Kì í pẹ́ ká bí oòrùn bá yọ.

Ẹ yẹra fún ọjọ́ ìsinmi ìjọba, torí owó ọkọ̀ á gbówó lórí, èrò á sì pọ̀ ju láìfù-jákẹ́ẹ̀tì lọ. Ẹ sì wo kàlẹ́ńdà kí ẹ má baà lọ ṣe kòńgẹ́ ọjọ́ Ẹtì àkọ́kọ́ nínú oṣù ní ọ̀nà Ìbàdàn sí Èkó: ìsìn alẹ́ ní ibùdó àwọn Rìdíìmù máa ń dí ọ̀nà pa láti ọ̀sán. Ọjọ́bọ̀ kí ẹ lọ, Ẹtì lórí omi, Sátidé kí ẹ padà, ló tẹ́ wa lọ́rùn jù. Onígbàgbọ́ á bá ìsìn ọjọ́ Ìsinmi nílé, Mùsùlùmí á sì rí Jímọ̀ kí nínú ìlú, nítorí ẹ máa ti kúrò lórí omi kí irun tó di ti ìkánjú, bí ẹ bá sọ fún awakọ̀ ṣáájú.

Ọ̀nà

Ẹ dúró kí ilẹ̀ mọ́ kí ẹ tó gbéra. Ọ̀nà àtijọ́ Ògbómọ̀ṣọ́ sí Ọ̀yọ́ tóóró, ọkọ̀ àjàgbé tó ń bọ̀ láti Òkè-Ọya kò sì lóǹkà lójú rẹ̀. Kì í ṣe ọ̀nà òru. Láti Èkó, ẹ gba Mile 2 jáde. Àwọn awakọ̀ kan fẹ́ràn láti ya ní Sàngó-Ọ̀tà, gba Àtàn já sí Àgbárá, kí wọ́n lè bọ́ lọ́wọ́ súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Èkó. Ó ń gé ọ̀nà kúrú lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ fóònù ẹni tó gbà á láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn kí ẹ tó yà.

Lẹ́yìn Àgbárá, kọ́sítọ́ọ̀mù, ìmígíréṣọ̀n àti ọlọ́pàá pọ̀ lójú ọ̀nà nítorí bodè Sẹ̀mẹ́ tó wà níwájú. Kí olúkúlùkù mú káàdì ìdánimọ̀ dání. Kí ìwé ọkọ̀ pé. Kí ẹnì kan ṣoṣo, àgbà tí ohùn rẹ̀ tutù, máa dáhùn fún gbogbo bọ́ọ̀sì; bí ènìyàn mẹ́fà bá ń sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ ó pẹ́ níbẹ̀.

Ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín eléwé tí ẹ gbé láti ilé, ojú ọ̀nà ni kí ẹ ti jẹ ẹ́ tán. Wàrà náà bẹ́ẹ̀, pàápàá èyí tó ṣì wà nínú omi rẹ̀: kò ní í di ọjọ́ kejì. Kájú sísun, àádùn àti kúlíkúlí nìkan ni kó bá yín dé orí omi.

Ọkọ̀ ojú omi: ibi tí ẹ ti gbọ́dọ̀ fara balẹ̀

Ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú ni kí ẹ ti bá ọlọ́kọ̀ sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ náà sì ní bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́. Bí ẹ bá kàn ní “a fẹ́ lọ Gberefu”, owó ìsọdá ló máa bù fún yín. Ìsọdá yẹn kò ju bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Á já yín sílẹ̀ ní erékùṣù, á sì padà lọ kó èrò mìíràn. Lẹ́yìn náà ni ìjà á bẹ̀rẹ̀, nítorí ẹ rò pé ó ń dúró dè yín. Ohun tí ẹ ń fẹ́ ni kí ẹ gba ọkọ̀ náà pátá láti aago mẹ́jọ sí aago méjì. Ẹ bá a fi ẹnu kò lórí márùn-ún yìí, kí ó sì wà nínú àtẹ̀jíṣẹ́ tí ẹ lè fi hàn án: ibi tí ẹ máa dé, wákàtí tí yóò fi dúró, bóyá epo wà nínú owó náà, iye láìfù-jákẹ́ẹ̀tì tó máa kó wá, àti ẹni tó máa san owó tí àwọn ará erékùṣù bá ń gbà lọ́wọ́ àlejò. Ẹ fi ìdajì owó sílẹ̀, kí ìdajì tó kù dìgbà tí gbogbo yín bá ti padà sórí ilẹ̀.

Ọkọ̀ méjì tó gbé ènìyàn mẹ́wàá mẹ́wàá sàn ju ẹyọ kan tó gbé ogún lọ, bó tilẹ̀ wọ́n díẹ̀. Bí ẹ́ńjìnnì ọ̀kan bá kú, èkejì á fi okùn fà á. Ìwọ̀n èrò tí ọkọ̀ gbà sábà máa ń wà lára rẹ̀. Ẹ yọ ènìyàn méjì kúrò nínú rẹ̀ fún kúlà oúnjẹ àti ẹrù.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, kí ẹnikẹ́ni tó wọlé, ẹ wo nǹkan wọ̀nyí:

Láìfù-jákẹ́ẹ̀tì. 24 ni kí ẹ béèrè: 20 fún yín, ìyókù fún àwọn awakọ̀ méjèèjì, amọ̀nà, àti ẹyọ kan tó lè já. Ẹ wọ̀ ọ́, ẹ dè é, kí ẹlòmíràn wá di èjìká rẹ̀ mú kó fà á sókè. Bó bá yọ dé etí, ó tóbi jù, kò sì wúlò. Ti àgbàlagbà kò gba ọmọdé là. Omi á gbé ẹ̀wù sókè, ọmọ á sì bọ́ lábẹ́ rẹ̀. Bí kò bá sí ti ọmọdé, kí ọmọ dúró sí ilẹ̀, ọ̀rọ̀ náà kò ní ẹ̀bẹ̀.

Ẹ́ńjìnnì. Kí awakọ̀ tan án níṣojú yín. Omi tín-ín-rín kan gbọ́dọ̀ máa tú jáde lẹ́yìn rẹ̀ bí ìgbà tí ọmọdé ń tọ̀. Omi yẹn ló ń tu ẹ́ńjìnnì lára. Bó bá dáwọ́ dúró lójú ọ̀nà, ọ̀rá tàbí ewéko ti dí ẹnu ibi tó ń gba omi wọlé, ẹ́ńjìnnì á sì jóná láìpẹ́. Ẹ pariwo fún awakọ̀. Ó lè má rí i. Èyí ni ìdí gan-an tí ẹ kò fi gbọdọ̀ ju ọ̀rá píọ̀ wọ́tà sínú omi. Ti ọmọlúàbí wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rá yín lè padà wá dá yín dúró.

Epo. Ẹ béèrè bóyá ó ti rà á lánàá, àti bóyá kẹ́ẹ̀gì kan wà ní ìpamọ́. Epo tí omi bá wọ̀ máa ń mú kí ẹ́ńjìnnì húkọ́ kí ó tó kú.

Àjẹ̀ méjì, okùn gígùn kan, ìdákọ̀ró àti ohun tí wọ́n fi ń gbọ́n omi. Bí àjẹ̀ kò bá sí nínú ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì, awakọ̀ yẹn gbójú lé oríire.

Awakọ̀ fúnra rẹ̀. Ẹ sún mọ́ ọn, ẹ kí i dáadáa. Bí ẹ bá gbóòórùn sódábì, ìyẹn ògógóró, ẹ wá ẹlòmíràn.

LASWA, àjọ tí ìjọba Èkó dá sílẹ̀ ní 2008 fún ọ̀rọ̀ ojú omi, kò fọwọ́ sí rírin òru lójú omi, kò sì gbà kí ẹnikẹ́ni wọ ọkọ̀ láìsí jákẹ́ẹ̀tì. Bí ọlọ́kọ̀ bá ní “kò séwu, omi yìí kò jìn”, kò parọ́ pátápátá. Ibi púpọ̀ nínú ọ̀sà kò jìn. Ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ rẹ̀ ni kì í jẹ́ kí ẹni tó ṣubú rí ibi tẹsẹ̀ mọ́lẹ̀.

Ọ̀rọ̀ aṣọ ẹbí: ẹ fi sílẹ̀ fún ìrọ̀lẹ́. Jákẹ́ẹ̀tì kì í jókòó lórí agbádá, atẹ́gùn sì máa ń fẹ́ràn gèlè. Ṣòkòtò àti ẹ̀wù fífúyẹ́, fìlà tó há mọ́ orí, bàtà tó bo ẹsẹ̀. Kí fóònù wà nínú ọ̀rá tí wọ́n so lẹ́nu.

Oúnjẹ ọ̀sán

Ẹ má gbé oúnjẹ ọ̀sán láti ilé. Ẹ wá olóúnjẹ ní Àgbádárìgì, ẹni tí onílé ìtura tàbí amọ̀nà yín lè tọ́ka sí, kí ẹ sì fún un ní owó ọjà ní ọjọ́ méjì ṣáájú. Ìrẹsì alágbọn àti ẹja ló bá ibẹ̀ mu jù. Ìlú àgbọn ni, wọn kì í ṣahun rẹ̀. Fún ènìyàn 20: ìrẹsì kóńgò méjì, àgbọn mẹ́fà, ẹja tútù tó tó kílò márùn-ún kí wọ́n tó ṣe é, èpìyà tàbí kúta. Edé tútù díẹ̀ fún ọbẹ̀. Àwọn Ògù, tí àwa ń pè ní Ẹ̀gùn, ní ọbẹ̀ ẹja kan tí wọ́n ń pè ní ajogun. Bí ẹ bá fẹ́ ẹ pẹ̀lú ẹ̀bà tàbí fùfú, orí ilẹ̀ lálẹ́ ni kí ẹ ti jẹ ẹ́. Ọbẹ̀ olómi nínú ọkọ̀, wàhálà ni.

Omi mímu: lítà kan àbọ̀ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Àpò píọ̀ wọ́tà kan jẹ́ lítà mẹ́wàá, nítorí náà àpò mẹ́ta. Ẹ má rò pé omi wà lábẹ́ yín kò ní jẹ́ kí òùngbẹ gbẹ yín. Oòrùn orí omi ń ta láti òkè, ó tún ń ta láti ìsàlẹ̀.

Olóúnjẹ kò gbọ́dọ̀ gbé ìkòkò kaná kí aago márùn-ún ìdájí tó lù. Ìrẹsì alágbọn tètè ń kan, nítorí ọ̀rá àgbọn. Kó bu ìrẹsì sínú kúlà nígbà tó bá ń hó gbùà, kó dé e pa, kí ẹnikẹ́ni má ṣí i “wò ó” títí di àkókò oúnjẹ. Kí ẹja díndín wà nínú kúlà ọ̀tọ̀, ata díndín nínú ike olómorí. Bí aago kan ọ̀sán bá lù tí ẹ kò tíì jẹun, ẹ jẹ ẹ́ níbikíbi tí ẹ bá wà.

Ní ti àmàlà, kò ní í bá wa débẹ̀. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó gbà pé ẹni tí kò jẹ àmàlà kò jẹun, kó mú sùúrù títí bọ́ọ̀sì yóò fi padà kan Ọ̀yọ́. Àmàlà tó bá lo wákàtí mẹ́ta nínú kúlà á le, ewédú á sì ti já.

Ẹ má jẹun nígbà tí ọkọ̀ bá ń rìn. Bí ẹnì kan bá ń pín àwo, gbogbo ènìyàn á fara sí ẹ̀gbẹ́ kan láti gbà á, bí ọkọ̀ sì ṣe ń dojú dé nìyẹn. Abẹ́ igi àgbọn ní Gberefu, létí ibi tí ọkọ̀ gúnlẹ̀ sí, ni ibi oúnjẹ tó dára jù. Ẹni méjì á kọ́kọ́ tẹ́ ẹní, wọ́n á sì wo òkè: àgbọn tó gbó kì í kéde kó tó jábọ́.

Bí ọjọ́ náà ṣe ń lọ

Aago mẹ́fà àbọ̀, ògì àti àkàrà díẹ̀. Kí gbogbo ènìyàn lọ sí ilé ìyàgbẹ́ kí ẹ tó jáde, torí kò sí nínú ọkọ̀. Aago mẹ́jọ ku ogún ìṣẹ́jú, ẹ dé jẹ́tì. Ẹ kọ orúkọ gbogbo ènìyàn àti nọ́ńbà ará ilé wọn sórí ìwé méjì, ọ̀kan lọ́wọ́ olórí ẹgbẹ́, ọ̀kan lọ́wọ́ awakọ̀ bọ́ọ̀sì tó dúró lórí ilẹ̀.

Wíwọ ọkọ̀: ẹsẹ̀ kan sí àárín gbùngbùn, kì í ṣe sí etí rẹ̀, kí ẹ sì jókòó lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Àwọn tó wúwo sí àárín, kúlà nílẹ̀ láàárín wọn. Kí ẹnikẹ́ni má dìde ya fọ́tò. Bí nǹkan bá wà láti wò lápá ọ̀tún, awakọ̀ á yí ọkọ̀ kí gbogbo yín rí i, ẹ kàn sọ fún un.

Ẹ gba amọ̀nà láti ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí, kó bá yín wọ ọkọ̀. Awakọ̀ mọ omi, ṣùgbọ́n iṣẹ́ rẹ̀ kì í ṣe ìtàn. Láti jẹ́tì, ẹ ní kí wọ́n rọra máa lọ ní etí Màrínà, òpópónà etí omi Àgbádárìgì, kí ẹ́ńjìnnì wà nílẹ̀ débi tí ohùn amọ̀nà á fi dé ọkọ̀ kejì. Ìlú wà ní apá àríwá omi; ní ìgbà ọyẹ́ oòrùn máa ń gba gúúsù, nítorí náà ẹ̀yìn yín ló máa wà, ojú ilé á sì mọ́lẹ̀ dáadáa fún fọ́tò.

Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, tí àwọn míṣọ́nnárì CMS kọ́ ní 1845, kọjú sí omi yìí. Samuel Ajayi Crowther gbé inú rẹ̀. Ọmọ Òṣoògùn ni, ìlú tó wà ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ tiwa lónìí, tí wọ́n kó lẹ́rú ní 1821. Ilé tó jẹ́ ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí báyìí náà wà ní apá ibẹ̀; 1863 ni wọ́n kọ́ ọ, ó sì jẹ́ ọ́fíìsì àwọn òyìnbó aláṣẹ. Bí Onítẹ̀bọmi bá wà nínú yín, tí kì í sì í ṣàì wà nínú ẹgbẹ́ Ògbómọ̀ṣọ́, etí omi yìí ni Thomas Jefferson Bowen, míṣọ́nnárì ìjọ yín, gúnlẹ̀ sí ní 1850, ọdún márùn-ún kó tó dé Ògbómọ̀ṣọ́.

Kí amọ̀nà má fo ti Ọ̀yọ́ dá. Nígbà Aláàfin Abíọ́dún, ní apá ìgbẹ̀yìn sẹ́ńtúrì 18, Ọ̀yọ́ ń kó ẹrú gba ilẹ̀ Ẹ̀gbádò lọ tà létí òkun, Àjàṣẹ́, tí í ṣe Porto-Novo, sì ni ojú ọjà tó fọkàn sí jù. Etí omi tí ẹ ń wò yìí jẹ́ ara òwò kan náà. Àwọn tó rò pé ará etí òkun nìkan ló jẹ gbèsè ìtàn yìí máa ń dákẹ́ díẹ̀ bí wọ́n bá gbọ́ ọ.

Ẹ jẹ́ kí awakọ̀ sáré díẹ̀ lọ sí apá Tópò, níbi tí àwọn míṣọ́nnárì ìjọ Àgùdà ti dá oko sílẹ̀ ní àwọn ọdún 1870, kí ẹ tó yí padà sí Gberefu. Kó tó aago mẹ́wàá, kí ẹ ti gúnlẹ̀.

Láti ibẹ̀ sí òkun, ẹsẹ̀ ni, bí ogún ìṣẹ́jú sí ọgbọ̀n lórí iyanrìn, ọ̀nà tí wọ́n ń mú àwọn ẹrú gbà. Kí àgbàlagbà tí orúnkún ń dùn béèrè ọ̀kadà ní ibi ìgúnlẹ̀. Lójú ọ̀nà ẹ ó rí kànga tí wọ́n ní wọ́n ń fún ẹrú ní omi rẹ̀ mu kí ó lè gbàgbé ilé. Ẹ wò ó, ẹ má mu ún, ìgbàgbọ́ yòówù kí ẹ ní. Ní òpin ọ̀nà ni òpó ìrántí àti òkun wà. Ẹ má wọ òkun yẹn. Etíkun náà dà gẹ̀rẹ̀, ìgbì ń já létí ilẹ̀ gan-an, omi tó ń padà sì lágbára láti gbá ẹsẹ̀ ẹni tó mọ odò wẹ̀. Ọ̀rọ̀ kí ẹ tẹ ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́ díẹ̀ fún fọ́tò gan-an ló ń pa ènìyàn. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tó níbẹ̀.

Aago méjìlá, oúnjẹ. Ẹ kó gbogbo ọ̀rá àti àwo padà sínú àpò tí ẹ gbé wá. Aago kan kọjá díẹ̀, ẹ ka orí, ẹ wọ ọkọ̀. Àwọn Mùsùlùmí lọ́jọ́ Ẹtì lè fi ọkọ̀ kan ṣáájú lẹ́yìn oúnjẹ. Àǹfààní mìíràn tí ọkọ̀ méjì ní nìyẹn.

Ìrọ̀lẹ́ ni kí ẹ fi wo àwọn ibi tó wà lábẹ́ òrùlé: àgbàlá Sẹ̀ríkí Williams Abass, níbi tí yàrá ẹrú wà, àti ilé Mobee, níbi tí ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ wà, kò jìnnà síra. Ọjà ẹrú Vlekete wà nínú ìlú pẹ̀lú. Ibi kọ̀ọ̀kan ló ń gba owó tirẹ̀, ẹ béèrè ti ẹgbẹ́ kí ẹ tó san ti ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá pàdé Zangbeto, egúngún aṣọ́de àwọn Ògù, lójú pópó, ẹ yà fún un, kí ẹ sì béèrè kí ẹ tó ya fọ́tò.

Ìpadà

Aago mẹ́fà àárọ̀ ọjọ́ kẹta, kí bọ́ọ̀sì ti kúrò. Àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù máa ń yẹ bọ́ọ̀sì tó ń ti ọ̀nà yẹn bọ̀ ju èyí tó ń lọ. Ẹ má ra ìrẹsì òkèèrè tàbí adìyẹ oníyìnyín tí wọ́n bá ń polówó rẹ̀ fún yín, bó ti wù kó pọ́ọ́kú tó: wọ́n á gbà á, wọ́n sì lè dá gbogbo bọ́ọ̀sì dúró nítorí àpò ẹnì kan. Kí olórí ẹgbẹ́ béèrè lọ́wọ́ olúkúlùkù lálẹ́ ọjọ́ kejì, kó má dìgbà tí ẹ bá dé iwájú wọn.

Àgbọn ni kí ẹ rà. Ẹ mì ín létí. Èyí tí omi rẹ̀ kò dún ti ń gbẹ. Ẹ ní kí wọ́n bó èèpo rẹ̀ kúrò níbẹ̀, torí méjì tí wọ́n ti bó kò gba ààyè tó ẹyọ kan tí wọn kò bó nínú búùtù.